Ọkọ Tí Mo Pè Lórúkọ

Ọkọ mi pọ̀ ní Sákété. Kí ẹnikẹ́ni má lanu: ọkùnrin kan ṣoṣo ló fẹ́ mi, òun gan-an kì í sì í gbélé, nítorí Àjàṣẹ́ ló ti ń ṣòwò. Ṣùgbọ́n obìnrin ilẹ̀ wa kì í fẹ́ ẹnì kan, agboolé ni í fẹ́. Bàbá ọkọ, ọkọ ni. Àbúrò ọkọ tó ń rákò nílẹ̀, ọkọ ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí sílé náà kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni òun náà. Ìyàwó yóò kúnlẹ̀ kí i, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ láéláé. Yóò wá orúkọ ìkẹ́ kan fún un, èyí tó bá ìrísí rẹ̀ mu, òun ni yóò sì máa pè é títí ayé.

Ìyá mi ti fi èyí kọ́ mi ní Pọ́bẹ̀ kí n tó mọ abẹ́rẹ́ í mú. Ó ní ẹnu ìyàwó ni wọ́n fi ń mọ ilé tó ti wá. Mo gbọ́, mo fi sọ́kàn, mo tilẹ̀ ń fi yangàn. Ohun tó jẹ́ kí ìtìjú náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn: kì í ṣe pé n kò mọ àṣà. N kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ohun tí mò ń sọ yìí. Èyí tí mo ti pè ti tó.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Gbogbo nǹkan nígbà náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun: àsíá tuntun, orin tuntun, irun tuntun. Àwọn mẹ́tìrì ilé ẹ̀kọ́, bí a ti ń pe àwọn olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn akọ̀wé, wọ́n ní ìwọ́de àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan kò tó fún àyájọ́ òmìnira mọ́. Wọ́n ní Sákété yóò ṣe fẹ́ẹ̀tì, ayẹyẹ bíi ti ìlú ńlá, fún àwọn ọ̀dọ́ olórin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ohùn wọn àti àwọn aránṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ọwọ́ wọn. Olórin yóò kọrin, aránṣọ yóò kó àwọn tó rán aṣọ fún jáde, gbogbo ìlú yóò sì máa wò.

Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ kan ni mo gbé wá sílé ọkọ láti Pọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, ìrọ̀rí àti ṣòkòtò bàbá ọkọ mi tó ya ni mò ń fi rán. Nígbà tí mo gbọ́ nípa fẹ́ẹ̀tì náà, n kò lè sùn dáadáa mọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nílé wa, ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí. Òun ló ń gbọ́únjẹ, òun ló ń fọṣọ, òun ló ń ru ẹrù aṣọ ìyá ọkọ mi lọ sí ọjà Pọ́bẹ̀ nígbà tí ọjà bá pé. Gbogbo ẹnu ló ń rán an níṣẹ́. Tó bá ti dá wà, ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì mọ́, débi pé àwọn tó ń kọjá lọ ní títì máa ń dúró lẹ́yìn ògiri wa. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ọ̀pẹ ní Pọ́bẹ̀ ti ra gìtá, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ lọ́jà níjọ́ kan, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó wá máa ṣe olórí orin fún wọn.

N ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí, kó má baà dà bíi pé mò ń pa àlọ́: ọmọ bàbá ọkọ mi ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìta-Jẹ̀bú, obìnrin tí bàbá ọkọ mi mọ̀ nígbà tó máa ń lọ ra àgbàdo lóko, tí kò sì gbé wálé. Nígbà tí obìnrin náà kú, wọ́n mú ọmọ wá sí Sákété, wọ́n fi í sí ẹ̀yìn ilé, wọn kò sì sọ ohunkóhun. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ọkọ mi mọ̀. Èmi nìkan ni n kò mọ̀.

Ta ni ì bá sọ fún mi? Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, wọ́n to àwọn ọmọ ilé, mo ń kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wí pé, "Ọkọ rẹ nìyí, ọkọ rẹ nìyí." Wọ́n tilẹ̀ gbé ọmọ ọwọ́ kan tó ń sunkún síwájú mi, mo kúnlẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin yìí kò sí láàárín wọn. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń ṣẹ́ igi síná àsè ìgbéyàwó mi. Mo rò pé ọmọ tí wọ́n gbà wá láti oko ni, kó wá máa ṣèrànwọ́.

Nítorí náà mo ń pè é lórúkọ, òun náà sì ń pè mí lórúkọ. Ẹni tó bá ti gbé ilé ọkọ rí yóò mọ bí ìyẹn ti dùn tó. Lẹ́nu gbogbo àwọn yòókù, "Ìyàwó" ni mí, bíi pé n kò ní orúkọ mìíràn kí n tó dé. A jọ ń jẹun, a jọ ń fi ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń bínú sí mi, nítorí pé ìfẹ́ náà gan-an ló fa wàhálà.

Ohun kan ṣoṣo ni òun ń fẹ́ láyé nígbà náà: kí ìyàwó ilé wa pè é bí a ti ń pe ọmọ ilé, lójú gbogbo ayé. Bàbá rẹ̀ kò lè ṣe é, ó ń bẹ̀rù ẹnu ìyá ọkọ mi. Àwọn ọmọ ìyá ọkọ mi kò ní ṣe é láé. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyàwó kì í purọ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìyàwó bá fún ní orúkọ ìkẹ́, ọmọ ilé ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹnu mi ni gbogbo ìrètí rẹ̀ wà, n kò sì mọ̀.

Mo mú mẹ́ta tí yóò wọ aṣọ mi: àbúrò ọkọ mi obìnrin méjì tí ìyá ọkọ mi bí, àti òun. Ìyá ọkọ mi fi inú dídùn yọ aṣọ méjì fún mi láti ìsọ̀ rẹ̀, èyí tó dára jù. Nígbà tí mo bèèrè ẹ̀kẹta, ó ní ta ni mo fẹ́ fi rán fún. Mo sọ fún un. Ó yọ ṣùtì.

"Aṣọ mi ò tó bẹ́ẹ̀," ó wí.

Mo rò pé ahun ló ń ṣe. Mo lọ tú àpótí mi, mo yọ àdìrẹ tí ìyá mi fún mi, èyí tó rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń wá sí Pọ́bẹ̀ láti Nàìjíríà. Ìró la ń fi àdìrẹ ró nígbà náà. Kò sí ẹni tó ń gé e sí róòbù bíi ti àwọn òyìnbó obìnrin. Mo gé e. Mo fún un ní ìbàdí, mo fi kọ́là funfun sí i lọ́rùn, mo jẹ́ kí apá rẹ̀ ṣí. Nígbà tó gbé e wọ̀, èmi fúnra mi pariwo.

Àwọn mẹ́tìrì ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé nígbà náà, wọ́n ń sọ bí nǹkan yóò ti rí. Wọ́n ní aránṣọ fúnra rẹ̀ ni yóò mú míkírò, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, tí yóò sì fi àwọn tó wọ aṣọ rẹ̀ han ìlú. Mo ń yí etí róòbù náà po, pín-ìnnì wà lẹ́nu mi, nígbà tó bi mí léèrè.

"Kín lo máa pè mí lọ́jọ́ náà?"

"Kín ni mo tún fẹ́ pè ọ́? Orúkọ rẹ ni."

"Àwọn méjì yẹn ńkọ́?"

"Ọkọ mi nìyẹn. Mo ti ní orúkọ fún wọn."

"Bọ́n, kò burú. Wá orúkọ fún èmi náà."

Ẹ̀rín pa mí, pín-ìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí mi lọ́fun. Mo ní, "Ìwọ? Ṣé ọkọ tí wọ́n fún mi nílé yìí ò tó ni, tí ìwọ náà fẹ́ kún wọn?"

Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ó ní, "Ó dáa. Bó bá ṣe wù ọ́ ni kó o pè mí." Etí aṣọ ni mò ń wò, n kò wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ṣe é, nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀. Wọ́n fi màrìwò ṣe ẹnu ọ̀nà, wọ́n so àsíá kéékèèké mọ́ okùn, wọ́n gbé ẹ̀rọ iná kan sí ẹ̀yìn kíláàsì, tó ń húkọ́ bí arúgbó. Àwọn àgbà ìlú wà níwájú lórí àga, bàbá ọkọ mi jókòó láàárín wọn nínú agbádá funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àwọn obìnrin wà lápá òsì, ìyá ọkọ mi wà níwájú wọn. Mẹ́tìrì kan tó wọ jígí dúdú ló di míkírò mú. Ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ púpọ̀.

Ẹgbẹ́ olórin kan láti Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ ṣeré, okùn gìtá wọn já, wọ́n sì ń bá a lọ bíi pé kò já. Aránṣọ kan kó ọkùnrin mẹ́rin jáde nínú kóòtù tó fún débi pé wọn kò lè jókòó mọ́ nígbà tí wọ́n ṣe tán. Wọ́n dúró ti ògiri títí fẹ́ẹ̀tì fi parí. Ará ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Ó kàn mí. Mẹ́tìrì fi míkírò sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Madámù, orúkọ àti orúkọ bàbá, bí wọ́n ti ń ṣe ní Kùtọnu!" Àbúrò ọkọ mi àkọ́kọ́ jáde, mo kúnlẹ̀ lórí orókún kan, mo sì pè é bí mo ti ń pè é nílé: "Ìbàdíàrán!"

Àwọn obìnrin hó yèè. Mẹ́tìrì ní, "Rárá, madámù, orúkọ inú ìwé ni mo bèèrè."

Ohùn kan ké láàárín àwọn obìnrin: "Mẹ́tìrì, gbẹ́nu dákẹ́! Ìyàwó í pe ọkọ lórúkọ nílé tiyín ni?" Ẹ̀rín bo ọgbà náà. Àwọn àgbà pàápàá ń mi orí. Mo pe èkejì, "Eyínafẹ́!" ariwo náà sì tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá ọkọ mi tún gèlè rẹ̀ ṣe. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń wí pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni ìyàwó wọn yìí. Orí mi wú. Gbogbo ìwúrí ayé mi, ibẹ̀ ló wà.

Òun ló kù. Ó jáde láti ẹ̀yìn màrìwò nínú róòbù aláró náà, àwọn onígìtá rẹ̀ tẹ̀lé e. Ìlú dákẹ́ láti wò ó. Ó dára kọjá sísọ. Ó dúró níwájú àwọn àgbà, ó sì yíjú sí mi, ó ń wo ẹnu mi.

Mo fẹ́ kó dùn mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi ni, n kò fẹ́ kó dà bí ẹni tó kéré sí àwọn tó ṣáájú. Mo dìde lórí orókún mi, mo nàró, mo fi gbogbo agbára ọ̀fun mi pe orúkọ rẹ̀, látòkè délẹ̀, mo sì fi kún un pé, "Ọmọ Ìta-Jẹ̀bú! Ọ̀rẹ́ mi àtàtà!"

"Vùwálà!" ni mẹ́tìrì ké. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn!" Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba míkírò lọ́wọ́ mi, tó sì ń pe orúkọ náà léraléra, pẹ̀lú Ìta-Jẹ̀bú rẹ̀, bí ẹni ń polówó ọjà.

Kò sí ẹni tó hó. Mo wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ọkọ mi ń wo imú bàtà rẹ̀, tẹ̀sùbáà ń lọ ní ọwọ́ rẹ̀ kíákíá. Ìyá ọkọ mi nìkan ló ń wò mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, irú èyí tí kò tíì rín sí mi rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé rẹ̀. N kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ti kó òtútù bá mi.

Àbúrò bàbá ọkọ mi kan, ìyá àgbàlagbà, ló fà mí lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì.

"Ìyàwó, kín ló ṣe ọ́? Ọkọ rẹ lo pè lórúkọ un."

"Ọkọ wo, Ìyá?"

Ó fi ẹnu júwe ibi tí àwọn olórin wà. Mo ní ohun tó ń wí kò yé mi. Ó tún fi ẹnu júwe. Ó ní, "O ń wọn gbogbo wa ní téèpù, o ò rí imú bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀ ni?"

Mo rí i nígbà náà. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀yìn kíláàsì ni mo wà, n kò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí imú náà kedere. Mo ní, "Wọn ò sọ fún mi." Ìyá náà ní, "Ta ló máa sọ?" Ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Gìtá bẹ̀rẹ̀. Mo mọ orin náà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nílé títí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kì í fi ọ̀rọ̀ sí. Ó máa ń pa ẹnu dé, a sì máa fi imú kùn ún. Lọ́dọ̀ wa, olórin tuntun ní láti sọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe kó tó kọ ohun mìíràn. Gìtá ta ìbẹ̀rẹ̀ náà, òun kò gba orin. Wọ́n tún un ta, wọ́n ń dúró dè é. Ìlú ń gbọ́ gìtá lásán. Mo dì mọ́ ògiri, mò ń bẹ Ọlọ́run kó lanu. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ orin náà láti àárín.

Ó kọ ọ́ dáadáa. Èyí tó burú jù nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní kó tún un kọ. Bí a ti ń lọ sílé, àwọn obìnrin ń dá mi dúró lójú ọ̀nà: "Ìwọ lo rán aláró un? Wàá bá mi rán tèmi." Iṣẹ́ tí mo ti ń fojú wá láti ọjọ́ tí mo ti dé Sákété, ńṣe ni mo sorí kọ́ gbà á. N kò lè wo ojú ọ̀kan nínú wọn.

Ọkọ mi tó fẹ́ mi ti Àjàṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "O ò bi mí." Inú bí mi débi pé mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rántí ìdáhùn yẹn, ọwọ́ mi máa ń wá nǹkan tí yóò jù.

Ọ̀rẹ́ mi kò bá wa padà sílé lálẹ́ fẹ́ẹ̀tì náà. Ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Pọ́bẹ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ kejì ló wọlé. Ìyá ọkọ mi jókòó ní àgbàlá, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń tú ẹrù aṣọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá orúkọ, gbogbo èyí tí mo bá rí ni ó dà bíi pé ó ti gbó. Mo rí i tó wọlé, mo sáré síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orókún méjèèjì, mo ní, "Olóhùn-iyọ̀, ẹ káàbọ̀."

Gbogbo ọwọ́ dúró lórí aṣọ. Ìyá ọkọ mi ní, "Ta lò ń kúnlẹ̀ fún?"

Ìbẹ̀rù ìyá yìí ń bẹ lára mi, n kò ní parọ́. Olóhùn-iyọ̀ kò sì dúró kí n dáhùn. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ sí àga gbọọrọ tí àwọn ọmọ ilé máa ń jókòó lé, ibi tí n kò rí i kó jókòó sí rí, ó jókòó, ó sì na ẹsẹ̀.

"Ìyàwó," ó wí, "bu omi fún mi mu."

Mo dìde, mo lọ sí ìdí àmù. Mo bu omi, mo fi ọwọ́ méjì gbé e, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìgbà yẹn ni bàbá ọkọ mi ti inú yàrá rẹ̀ jáde. Ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí àga. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ "ẹ káàsán" ló wí, ì bá tó. Òun ọmọ gbójú sókè wò ó, ife omi dúró sí ẹnu rẹ̀.

Bàbá ọkọ mi yí padà, ó wọlé, ó sì rọra ti ìlẹ̀kùn.

Ọmọ rẹ̀ mu omi náà tán, kò kánjú. Ó gbé ife fún mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́: "Dìde. Aṣọ rẹ ti kún fún erùpẹ̀." Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti di ẹrù rẹ̀.

N kò lè dìde. Ìyá ọkọ mi ní kí n wá bá wọn tú aṣọ, mo gbọ́ ọ, mo ṣì wà níbẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ó fi gbé ẹrù rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó sì jáde sí títì Pọ́bẹ̀.